Ìdájọ́ Tí Mo Dá Láàárín Àwòdì àti Ìmàdò

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láyé: ọjọ́ tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ kọ ebè fún baba Sàfúrà, àfẹ́sọ́nà mi, ní Manigri. Àwọn Faransé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Àlùkùránì ní Bassila ni, mo sì gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbé yẹ̀ wò. Bí inú àwọn òbí Sàfúrà bá dùn sí mi lọ́jọ́ náà, wọn á dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkùnrin mìíràn ń dúró dè é ní Pénéssoulou.

Nígbà tí a ń sinmi, baba ní kò sí ọ̀tá àgbẹ̀ bí ìmàdò.

"Ó ń hú iṣu mi jẹ, èmi Mùsùlùmí kò sì lè pa á jẹ!"

"Àwòdì tó ń gbé òròmọdìẹ mi ńkọ́?" ni ìyá Sàfúrà dá a lóhùn. "Ẹ bi ààfáà tó jókòó yìí."

Àna mìíràn ì bá rẹ́rìn-ín kó dákẹ́. Èmi wúkọ́. Mo ní òròmọdìẹ kan ni àwòdì ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tọmọtọmọ ni ìmàdò ń wá, nítorí náà ẹ̀sùn ìmàdò wúwo jù díẹ̀.

Ìyá fa igbá wàrà kúrò níwájú mi. "Ṣé àwòdì ló bí ọ ni? Kó fún ọ níyàwó!"

Ẹ̀rù bà mí, mo sáré fi kún un pé ìmàdò ṣáà ní ìtìjú, kì í jáde lójú ènìyàn. Ibẹ̀ ni koríko ti mì, tí ìmàdò jáde tòun tọmọ.

"Ààfáà, sá!" ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo. Mo gun igi kan tó wà nítòsí. Orí rẹ̀ ni àwòdì kọ́ ìtẹ́ sí. Ó já fìlà mi gbà, ó sì ń sọ mí lórí bí ẹni tí kò gbọ́ pé èmi ni mo gbè é.

Baba fi ọkọ́ lé ìmàdò wọgbó, òun àti ìyá sì wá dúró sábẹ́ igi. Èmi àna, lókè orí wọn! Mo rò ó: ṣé kí n kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ni, àbí kí n dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà? Àwòdì kò jẹ́ kí n rò ó tán. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹ̀ka. Ẹ̀ka kò fẹ̀ tó.

Àyà ni mo fi balẹ̀ gbì níwájú wọn.

"Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti dọ̀bálẹ̀ fún mi," ni baba wí, "kò sí èyí tó ti òkè wá rí."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Baba Sàfúrà, ẹ jẹ́ ká tètè fún un, kó má dọ̀bálẹ̀ kú!"

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí àwọn àna mi bá ti ń jiyàn, òùngbẹ á gbẹ mí, màá lọ wá omi. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí ìhà mi ṣì ń dùn mí.