Nígbà Tí Jíà Píkọ́ọ̀pù Mi Yarí

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi: Sátidé tí jíà píkọ́ọ̀pù mi yarí fún mi lójú ọ̀nà Mọ́níyà, tí tòmátì ọmọ mi kún ẹ̀yìn ọkọ̀, tí gbogbo ọlọ́kadà tó wà nítòsí sì di mẹkáníìkì lé mi lórí.

Ọmọ mi Ráfíà ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo máa ń bẹ̀rù fún un ju bó ṣe ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ lọ. Ó ti jáde ilé ìwé, ó sì ti mọ ọkọ̀ wà, síbẹ̀ bí a bá fẹ́ sọdá títì, ọwọ́ mi á ṣì máa wá ọwọ́ rẹ̀ kiri. Lọ́dún náà, ó gbin tòmátì tirẹ̀ sí etí odò lẹ́yìn abúlé wa. Òun ló ń pọnmi sí i, òun ló fi igi tì í ró. Nígbà tó pọ́n, ó bá ìyá kan tó máa ń ra tòmátì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá náà ní òun á dúró dè é ní Mọ́níyà, àmọ́ bí oòrùn bá mú kó tó dé, òun á ra ti ẹlòmíràn. Ráfíà ní òun fúnra òun lòun á wa ọkọ̀ lọ.

Mo ní, "Kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Jíà ọkọ̀ yẹn ò dáa. Èmi ni n ó wà á."

Òótọ́ ni pé kò dáa. Píkọ́ọ̀pù náà ti rìn débi pé aago tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti sú, ó ti dákẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá fẹ́ yí jíà, á máa ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mẹkáníìkì mi ti ní kí n gbé e wá kí òun pààrọ̀ ọ́ìlì jíà, kí òun sì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ò dé títí.

Ẹ má wá rò pé mi ò tọ́jú ọkọ̀ náà rárá. Nígbà tí Ráfíà ń kọ́ ọkọ̀, mo rí i pé irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti dógùn-ún níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà, ó ti lu ihò. Mo rò ó pé òkúta lè ta bá ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ni mo bá fi pákó pẹlẹbẹ bo ihò náà. Pákó ń gbóná, mo tẹ́ àpò ìrẹsì lé e. Àpò ń yọ̀, mo tẹ́ fóòmù lé àpò. Kí fóòmù má baà ya, mo wá nǹkan tó nípọn tẹ́ lé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì wọlé bí ẹsẹ̀ ọba. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní nǹkan kan ò lè ṣe ọmọ mi mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo fọwọ́ tẹ táyà wò, mo tún fẹsẹ̀ ta á. Mo tú okùn ẹrù, mo tún un dì. Ìyá Ráfíà, tó ń lọ sọ́jà, jókòó sáàárín èmi àti ọmọ rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo ní, "Ráfíà, tún ilẹ̀kùn yẹn tì."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ tì í."

"Mo mọ̀. Tún un tì."

Mo ki jíà àkọ́kọ́ wọlé, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ tó sùn lẹ́bàá ilé sá wọ igbó. Mo fi agídí rí ìkejì. Ìkẹta kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kò burú, a ó fi jíà kejì lọ. Ọkọ̀ ń bú ramúramù, kò sì sáré. A kọjá bàbá àgbàlagbà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko.

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o!"

Nígbà tí a dé orí òkè, bàbá náà kọjá wa. "Ẹ tún kú ìrìn o!" A bá a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tún kọjá wa lórí òkè kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró, ó wo ẹrù wa, ó ní, "Ṣé kí n bá yín gbé apẹ̀rẹ̀ kan ṣáájú ni?"

Ìyá Ráfíà fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ráfíà ò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ló ń wò.

Ìgbà tó kù díẹ̀ ká wọ Mọ́níyà ni ọkọ̀ ńlá kan dábùú ọ̀nà níwájú wa. Mo dúró. Nígbà tó kúrò, mo fẹ́ ṣí, jíà kankan ò wọlé mọ́. Mo tì í, mo fà á, ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Kò sí ibi téèyàn lè fojú sá sí nírú ibẹ̀: mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo ń wo ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wá ẹbí rẹ̀ láàárín èrò. Àwọn ọlọ́kadà pé lé mi lórí.

"Kílọ́ọ̀ṣì ló jẹ tán!"

"Irọ́ ni, jíà ló fọ́. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Bàbá, ẹ tà á fún onírin!"

Ráfíà ṣílẹ̀kùn. Mo pariwo, "Má sọ̀ kalẹ̀! Ọ̀kadà á gbá ọ!"

Ó ní, "Bàbá, gbogbo ọ̀kadà ló ti dúró tì yín!"

Bí a ti ń fa èyí ni tẹ̀sùbáà ìyá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ mú un, kò sì tètè dìde. Mo kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ tó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Bàbá Ráfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Mo lọ.

"Kápẹ́ẹ̀tì mi rè é."

Mo tún yíjú sí ẹ́ńjìnnì.

"Kápẹ́ẹ̀tì olódòdó tí mo sá sórí okùn. Mo ní ewúrẹ́ ilé kejì ló jẹ ẹ́! Mo ti sọ ewúrẹ́ eléwúrẹ́ lókò títí!"

Mo ní, "Mo rò pé o ti fi sílẹ̀ ni."

Ó fa kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde. Fóòmù yọ sójú. Ó fa fóòmù, àpò ìrẹsì yọ. Ọlọ́kadà kan ní, "Ẹ máa fà á, bóyá ibùsùn wà nísàlẹ̀!" Ráfíà ti yí dé ọ̀dọ̀ mi. Ó na ẹsẹ̀ òsì, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, irin tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí jíà tó lè wọlé. Irin náà lọ sísàlẹ̀, ó tún ń lọ, ó dé ibi tí mi ò tíì rí i kó dé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ní, "Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì ò ráyè délẹ̀ ni. Ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i lábẹ́."

Ó jókòó sáyè mi, ó ṣáná sí ọkọ̀, ó ki jíà. Ó ké díẹ̀, ó wọlé. Àwọn ọlọ́kadà hó yèè. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo gùn, mo di apẹ̀rẹ̀ tòmátì mú lọ́wọ́ kan, mo di kápẹ́ẹ̀tì mú lọ́wọ́ kejì, nítorí Ìyá Ráfíà ní bó bá tún sọnù, ewúrẹ́ kọ́ lòun á sọ lókò.

Nígbà tí a dé, ìyá oníbàárà ti ń ná tòmátì ẹlòmíràn. Ráfíà bẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ṣí apẹ̀rẹ̀ kan hàn án. Ìyá náà fọwọ́ tẹ tòmátì wò, ó yọ àwọn tó fọ́ sọ́tọ̀, ó sì ní kí wọ́n kó ìyókù. Ó wo ọkọ̀.

"Ìwọ lo wà á wá?"

"Èmi ni, mà."

"Bàbá tó gbé kápẹ́ẹ̀tì dání lẹ́yìn ńkọ́?"

"Bàbá mi ni. Wọ́n ń ṣọ́ mi ni."

Láti ibẹ̀ ni a gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, nítorí igbe díẹ̀ tó kù yẹn. Ọ́ìlì jíà tó dà jáde dúdú, ó sì ki bí ọ̀dà. Mẹkáníìkì bi mí léèrè ìgbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, mo ní ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi nìkan ló lè mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, wẹ́dà fi irin bo ihò náà, ó jó o pa. Iṣẹ́ náà ò pẹ́ rárá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìbẹ̀rù kì í ṣe ìtọ́jú. Ihò tó yẹ kí n gbé lọ fún wẹ́dà, kápẹ́ẹ̀tì ni mo ń tẹ́ lé e lórí, mo sì ń pè é ní ìfẹ́ ọmọ.

Ráfíà ló ń wa píkọ́ọ̀pù náà báyìí. Bó bá gbé e jáde, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa fetí sí jíà: ìkíní wọlé, ìkejì wọlé. Bí mo bá gbọ́ ìkẹta, èmi náà á wọlé. Kápẹ́ẹ̀tì olódòdó yẹn ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wa, òórùn epo ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀. Fífò ni mo máa ń fò ó kọjá bí ẹni fo odò, nítorí mo mọ ohùn tó ń bọ̀ láti inú yàrá:

"Ẹ rọra o, Bàbá Ráfíà. Kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn."

Kí ni n ó ṣe? Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.