Awọ Ìkookò Inú Àpò Rísíkátù

Ọjọ́ tí mo wọ awọ ìkookò la Ọ̀yìngbò kọjá lọ́sàn-án gangan, bí mo darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Òógùn ẹ̀ ò tíì gbẹ lára mi tán.

Káfíńtà ni mí nígbà náà n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Rísíkátù, ọmọge tó ń ta aṣọ òkìríkà l'Ọ̀yìngbò, ní kí n wá kan tábìlì sí ìsọ̀ òun. Tábìlì ọjọ́ kan, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kàn án. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ìfẹ́ ni. Tó bá parí, kí ni màá tún wá ṣe níbẹ̀? Mi ò sì tíì rí ẹnu sọ ọ́.

Bí mo bá ń fá pákó, Rísí á máa ka ìwé ìfẹ́ òyìnbó kan, á máa túmọ̀ ẹ̀ fún mi, torí ìwé mẹ́fà tí mo kà ò gbé mi débẹ̀. Ọkùnrin inú ìwé náà, tí òṣùpá bá ti yọ rogodo, ìkookò ló ń dà. Síbẹ̀, ọmọbìnrin kan ń kú lọ lórí ẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lè fẹ́ ẹni tó ń di ìkookò?"

"Tó bá ṣáà ti mọ ẹ̀wà sè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú àpò mi."

Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ìyá àgbà fi àlọ́ obìnrin àgbọ̀nrín, tó ń bọ́ awọ ẹ̀ sílẹ̀ di èèyàn, tọ́ dàgbà. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe lọ kírun, mo yẹ àpò náà wò. Awọ! Ó rí bí eérú, irun ẹ̀ gùn, ó lápá méjì, ó sì ní bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì yẹn ì bá ti la ẹlòmíì lójú. Èmi ní ìkookò òyìnbó ni, wọ́n ti lajú.

Ọdẹ inú àlọ́ gbé awọ pamọ́, obìnrin náà ò lè padà sígbó mọ́, ó di ìyàwó ẹ̀. Kí lèmi náà ń dúró dè? Àpò irinṣẹ́ mi ò gbà á. Bí mo bá gbé e lọ́wọ́, wọ́n á ní olè ni mí. Èmi ọlọ́gbọ́n bá wọ̀ ọ́ sára, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ bò ó.

Mi ò tíì dé ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran tí ajá alápatà kan fi gbóòórùn mi. Ó gbó, àwọn yòókù dá a lóhùn. Mo sá. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì já, irun yọ láyà mi. Àwọn ọmọ kéékèèké ń pariwo, "Ìnàkí! Ẹ wá wo ìnàkí!" Mo yíjú pa dà láti ṣàlàyé pé èèyàn ni mí, ni ajá bá fa apá awọ náà ya. Ibo ni mo tún fẹ́ sá lọ? Ìsọ̀ Rísí náà ni.

Ó ti dé. "Bọ̀dá, ṣé kò sí? Kóòtù onírun oníbàárà mi tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù lẹ wọ̀ nínú oòrùn yìí? Ẹ tún ti fà á ya!"

Ojú ẹ̀ le. Mo mọ̀ pé tábìlì ti parí nìyẹn. Mo bá jẹ́wọ́: "Mo rò pé awọ rẹ ni. Mi ò fẹ́ kí o padà sígbó."

Ló bá jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. "Ẹ rò pé ìkookò ni mí, ẹ tún fẹ́ fẹ́ mi?"

"Ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣùgbọ́n mo fẹ́."

Ohun tó yé mi lọ́jọ́ náà ni pé kéèyàn la ẹnu sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sàn ju kó máa bá ajá sáré lọ. Oníbàárà ò gba kóòtù náà mọ́, ọwọ́ wa ló kù sí. Tí ọyẹ́ bá mú, Rísí á gbé e wọ̀, á wá sẹ́yìn mi, á hu, "Húúú!" Mo mọ̀ pé ìyàwó mi ni. Síbẹ̀, màá kọ́kọ́ wo òṣùpá ná, kí n tó rẹ́rìn-ín.