Olórin Tó Fi Ìborùn Àǹtí Rẹ̀ Bojú

Ẹjọ́ kan gòkè dé ààfin lánàá. Gígòkè ló gòkè lóòótọ́, nítorí òkè ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní Rye Lane ni Olóyè Ọládiméjì, Baálẹ̀ àwọn Yorùbá Peckham, ti ń dájọ́, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì máa ń mú kí olùpẹ̀jọ́ gbàgbé ìdajì ohun tó fẹ́ sọ. Habeebullah kò gbàgbé nǹkan kan. Inú ti ń bí i láti Sátidé, ó sì ti to ẹjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ sínú.

Orin ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe orin tí wọ́n ń fi ẹnu kọ o. Orin ẹ̀rọ ni, èyí tó ń dún gbì gbì gbì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Deptford, tí ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ sì fẹ́ràn dójú ikú. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Mìsítúrà, àbúrò ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ láti kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin náà gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó jókòó, ojú kò tì í rárá.

"Ro ẹjọ́ rẹ," ni Baálẹ̀ wí.

"Uncle, Aunty mi ṣí ìbòjú mi níwájú gbogbo fans mi."

"Ìbòjú wo?"

"Mo máa ń bo ojú mi tí mo bá ń play, sà. Nobody knows my face. Àwo orin tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, kò sí orúkọ lára ẹ̀, kò sí picture. Dúdú lásán ni."

Baálẹ̀ wo àwọn ìjòyè. "Ẹ fẹ́ ta àwo, ẹ ò kọ orúkọ ẹni tó ni ín?"

"Promo yẹn nìyẹn, sà."

"Ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ ńkọ́?"

"A kì í tètè sọ fún wọn. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ la máa ń text address."

Màmá Agnes, aláṣọ funfun tó jẹ́ igbá kejì Baálẹ̀, tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ọmọ yìí, ṣé orin ni àbí ẹrù fàyàwọ́?"

"Orin ni, Mummy. Tí gbogbo èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n, it's dead. Àwọn kan ń sọ pé ará Berlin ni mí. Àwọn kan ní mo ti kú. That was really good for us."

"Wọ́n ní o ti kú, inú rẹ dùn?"

"Gan-an, Mummy."

Màmá Agnes ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó sì ní kí ó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń ṣí àwo yẹn, Aunty wọlé, wọ́n gun orí stage, wọ́n já aṣọ kúrò lójú mi, wọ́n gba máìkì. Wọ́n ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ni orin yìí ni Habeebullah Àlàó. Wọ́n dárúkọ Grandpa. Wọ́n wá sọ fún wọn pé mo ṣì ń tọ̀ sílé nígbà tí mo ti wà ní Year Five."

Ìjòyè kan rẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di ikọ́.

"Mìsítúrà, kí lo rí sọ?"

"Mi ò jẹ̀bi, Baálẹ̀. Mi ò ṣí ojú ẹnikẹ́ni. Aṣọ mi ni mo ká. Ìborùn wòlímọ̀ mi ni. Ọjọ́ tí mo parí Kùránì ni wọ́n fi bò mí lórí. Mo wá a títí, mo ti fura sí gbogbo ẹni tó wọ ilé mi. Àfi bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, tí mo rí ìborùn mi lára ògiri, lójú ẹnì kan."

"Poster wa nìyẹn," ni Habeebullah rọra sọ.

"Ó gé ihò méjì sí i, Baálẹ̀. Aṣọ wòlímọ̀. Bí òjò bá ṣú, tí mo lọ ká aṣọ mi lórí okùn, ta ló máa bi mí léèrè? Bí ojú èèyàn bá wà lábẹ́ aṣọ mi, èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀."

Habeebullah rí i pé ẹjọ́ tí òun tò lẹ́sẹẹsẹ ti fẹ́ dojú dé.

"Máìkì ńkọ́?" ni Baálẹ̀ bi Mìsítúrà.

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Wọ́n ń ṣí àwo, kò sí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kò sí alága, kò sẹ́ni tó dárúkọ òbí. Ọmọ dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣà lójú ọ̀nà. Ṣé kò lẹ́nìkan ni?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Sherifdeen onítákísí, aládùúgbò tó gbé e tẹ̀lé Habeebullah dé Deptford.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Baálẹ̀. Òkùnkùn ni."

"O ò rí i nígbà tó ṣí aṣọ náà?"

"Mo rí i dáadáa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ká a."

"Nínú òkùnkùn?"

"Iná pupa kan ń ṣẹ́jú. Ìgbà tó bá ṣẹ́jú ni mo ń rí i."

"Orin náà ńkọ́, ó dùn?"

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ orin, Baálẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ló bàjẹ́ tó ń pariwo."

Habeebullah fi ọwọ́ bo ojú. "Uncle Sherif, orin kẹta nìyẹn."

Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ ni Tọ́lá, ọmọbìnrin tó ń bá a polówó orin, ìyẹn ni pé òun ló ń rí sí i pé kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa rẹ̀.

"Aunty ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, sà. All that work."

"Àwọn àwo náà wà nílẹ̀, ẹnì kankan ò rà á?"

Tọ́lá wo ilẹ̀. "Wọ́n ti tán, sà."

"Látìgbà wo?"

"Sunday. Ẹnì kan fi video Aunty síta. A ti fẹ́ tẹ òmíràn."

"Kí ni àwọn tó ń rà á ń bèèrè?"

"Wọ́n ń bèèrè bóyá Aunty máa wà ní next one."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Mìsítúrà tún híjáàbù rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Habeebullah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rà á, Uncle. Nobody's listening. Mo fi ọdún méjì ṣe orin yẹn, àdúrà Aunty nìkan ni wọ́n ń gbọ́."

Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyí. Nígbà tí wọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń dijú gbọ́ orin rẹ̀. Wọ́n ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, wọn kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Baálẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn. "Aṣọ kún Rye Lane yìí. Kí ló dé tó jẹ́ ìborùn Àǹtí rẹ lo gé?"

"Ẹ̀rù máa ń bà mí kí n tó play, sà. Aṣọ yẹn ní òórùn Aunty lára. Tí mo bá ti fi bojú, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti ṣàdúrà fún mi."

Mìsítúrà kọjú sí fèrèsé. "O ò bá ti tọrọ ẹ̀. Mi ò bá ti fún ẹ."

"You would have followed me, Aunty."

"Màá tẹ̀lé ẹ. Kí ló wá dé?"

Baálẹ̀ bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi. Habeebullah, o jí ìborùn, o dá ihò sí i, o sì ń fi ojú tí Ọlọ́run fún ọ pamọ́ bí ẹni tó jí i. Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣí àwo, ojú lásán ni wàá fi dúró. Kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan, wàá fi ẹnu ara rẹ sọ orúkọ rẹ àti ẹni tó tọ́ ọ."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò tíì parí. Mìsítúrà, ẹni tó bá wà lábẹ́ aṣọ, eégún ni."

"Baálẹ̀, mùsùlùmí ni mí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o mọ òwe: bóbìnrin mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. O ti mọ awo ọmọ yìí. Wàá lọ síbẹ̀, ìwọ lo máa fi ìborùn oníhò yẹn bojú, wàá sì dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ò ní kí ẹnikẹ́ni. O ò ní ṣàdúrà sókè. O ò ní pòṣé. Àwọn tó bá tìtorí tìẹ wá kò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ, orin nìkan ló máa kù fún wọn láti gbọ́."

Mìsítúrà kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ kúkú ní kí n máa gbá Rye Lane láti òkè dé ìsàlẹ̀."

"Ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Habeebullah, jẹ́ ká gbọ́ bí o ṣe máa sọ ọ́."

Habeebullah dìde. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

"Orúkọ mi ni Habeebullah Àlàó. Èmi ni mo ni orin yìí." Ó kọjú sí Àǹtí rẹ̀. "Mìsítúrà ló tọ́ mi. Màmá mi ni wọ́n."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé. Mìsítúrà la ẹnu, àdúrà, oríkì àti ìtàn ìgbà èwe ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ààfin wò ó. Màmá Agnes gbé ìka kan sókè. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti Deptford dé Catford ní irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò jẹ ẹ́ rí.