Ìrìn Àjò Màmá Irja sí Odò Zambezi

Oṣù kejì ni, òtútù ìlú Kajaani ní àríwá ayé sì le lọ́jọ́ náà débi pé èémí ẹni ń dì mọ́ ìpéǹpéjú. Tuomo, ọmọkùnrin tó ń ta ìrìn àjò ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá odò, ti po kọfí de opó kan, Irja Heiskanen, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Màmá wọlé, irun rẹ̀ ti gan bí ìgbálẹ̀. Inú odò ló ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lójú yìnyín fún àwọn tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jókòó. Ibo ni kí n bá yín ṣètò?"

"Zambia."

"Ẹ kú orí ire! Mo ní èyí tó bá yín mu wẹ́kú. Ẹ óò jókòó sétí odò Zambezi, ẹ óò máa wo ẹyẹ."

"Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi bá Eino ọkọ mi wo ẹyẹ. Ẹ̀fọn á máa jẹ mí, n kò gbọdọ̀ pa á, kí ẹyẹ má baà gbọ́. Mo ti wo ẹyẹ tán."

Tuomo yára ṣí ìwé síwájú.

"Ẹfọ̀n ńlá yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀fọn ti Kajaani kò tíì tó mi ni?"

"Ẹfọ̀n ni mo wí, Màmá! Ó ní ìwo lórí! Inú ọkọ̀ lẹ óò ti máa wò ó."

"Ọkọ? Ọkọ mi ti kú."

"Ọkọ̀! Ọkọ̀ tó ní táyà!"

Irja gbọn orí, omi dídì já bọ́ láti etí rẹ̀ sínú kọfí.

"Omi ló dí mi létí. Máa wí."

"Bí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ óò lọ sùn ní àgọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ló ń sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá?"

"Àgọ́ aláṣọ ni, Màmá! Wọ́n tẹ́ ibùsùn sí i, àga ìrọ̀gbọ̀kú wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ óò máa jókòó sí..."

"Jókòó níhìn-ín, jókòó lọ́hùn-ún! Ṣé ìdí mi nìkan ló ń rìnrìn àjò ni?"

Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù, ó fa bébà kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àwòrán afárá gíga kan ni, ènìyàn kan sì dorí kodò lábẹ́ rẹ̀.

"Èyí ni kí o tà fún mi."

Tuomo ti àwòrán náà padà sí i. "Màmá, okùn nìyẹn o!"

"Òkun? Zambia kò ní òkun. Àṣé o ò mọ ohun tí ò ń tà."

"Okùn! Wọ́n á so ó mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ óò bẹ́ sílẹ̀ láti orí afárá, odò ń bẹ nísàlẹ̀, ọ̀nì ń bẹ nínú odò! Ó gba okun, Màmá!"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní wọ́n á so ó."

"Okun! Agbára!"

"Ìyẹn wà lára mi." Ó tún yọ bébà mìíràn. "Dókítà gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, ó ní ó sàn ju tòun lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo ti ṣèlérí fún Marjut pé..."

Tuomo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin ti fọ́. Irja rọra gbé ife sílẹ̀.

"Ọmọ mi pè ọ́."

"Lánàá ni. Ó ní kí n ta ìrìn àjò tí ẹ óò kàn máa jókòó fún yín. Ó ń sunkún, Màmá."

Irja kọjú sí fèrèsé.

"Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ṣubú lójú yìnyín tí kò dìde mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń pè mí: 'Mọ́mì, ṣé ẹ ò tíì ṣubú?' Òun náà kò jáde mọ́. Ẹni ogójì ọdún."

Ó dun Tuomo. Ó ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, ṣùgbọ́n Irja ti nawọ́ mú bírò, ó sì fi í sí i lọ́wọ́.

"Kọ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì, okùn méjì."

"Méjì? Ta ni ìkejì?"

"Marjut Heiskanen. A ó jọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ ìṣubú tán nílé wa."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀ pé Zambia wà."

Tuomo ń kọ ọ́, òógùn ń bò ó nínú òtútù. "Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ẹni kọ̀ọ̀kan, kí okùn má baà gùn jù."

"Kílò méjìdínlọ́gọ́ta ni tèmi."

"Ti Marjut ńkọ́?"

"Kílò mẹ́ta ló jẹ́ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn."

Fóònù dún. Tuomo wo ojú fóònù náà, ó fò dìde bí ẹni tí iná jó.

"Màmá, Marjut ni! Kí ni kí n wí?"

Irja ti búrẹ́dì dídùn bọ kọfí, ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu.

"Kí i dáadáa. Bi í pé kílò mélòó ló wọ̀n. Má sọ ìdí."