Ikhlas Lórí Òṣùwọ̀n

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Alájà Ràmọ́tà, oníṣòwò gàrí, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwo ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná níwájú, ó ń ṣọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Oòrùn mú ganrínganrín, síbẹ̀ Ikhlas, ọmọ ọdún méjìlélógún, wọ súwẹ́tà tó nípọn, ó ń sá yí kànga po, ó sì ń tutọ́ sínú ike. Ìyá tó bí i ti fa ọmọ yìí lé Alájà lọ́wọ́ kó tó padà sí Èkó, ohun tí ojú Alájà sì ń rí lára rẹ̀ láti ìjẹta kò jẹ́ kó gbádùn oorun mọ́.

"Ikhlas!"

"Mà!"

"Dúró."

"Mi ò lè dúró, Ìyá Àgbà. Tí n bá dúró, ara mi á tutù."

"Tèmi ti tutù ná. Dúró, mo ní!"

Ikhlas dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tutọ́ sínú ike, ó fi ìdérí dé e. Alájà wo ike náà títí. Ọmọ mẹ́fà ló bí, kò sì sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ohun tí itọ́ ń sọ lẹ́nu ọmọbìnrin.

"Wá jẹun."

"Mi ò jẹ, mà." Ikhlas fi ọwọ́ bo imú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé e. Òórùn ẹ̀ ń dà mí láàmú."

"Ìkọ́kọrẹ́ lò ń bo imú sí? Ìwọ, ọmọ Ìjẹ̀bú? Ìkọ́kọrẹ́ tó jẹ́ pé ìwọ lo máa ń ha èèpá ìdí ìkòkò ẹ̀ jẹ?"

"Kì í ṣe àsìkò yìí, mà."

"Kí lo wá jẹ láàárọ̀?"

"Mo lá yìnyín díẹ̀."

"Yìnyín."

"Díẹ̀ ni, mà."

Alájà ronú padà sẹ́yìn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú irú ipò yẹn, amọ̀ gbígbẹ ni òun ń jẹ. Ayé ti lajú lóòótọ́: yìnyín ni ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

"Kí ni mo ń gbọ́ tó ń ró wàràwàrà lábẹ́ súwẹ́tà ẹ?"

"Náílọ́ọ̀nù ni. Mo fi wé ikùn."

"Kí ló dé tó o fi wé ikùn?"

"Kó lè wálẹ̀ ni, mà."

"Kí kí ni wálẹ̀?" Alájà dìde, ó tún jókòó. "Lá ìláha! Kò ní wálẹ̀! Ohun tí Ọlọ́run bá fún èèyàn, wọn kì í ní kó wálẹ̀!"

"Ìyá Àgbà, kì í ṣe Ọlọ́run ló fún mi. Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n jẹun sí i."

Ikhlas wọ yàrá lọ, ó gbé òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kan jáde, ó gùn ún, ó wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó sì mi orí tìbànújẹ́tìbànújẹ́.

"Níbo lo ti rí irú èyí?"

"Kóòṣì ló yá mi. Ó ní kí n máa gùn ún láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́."

Alájà ronú. Ní ilé ìwòsàn, ìgbà tí aboyún bá wá gba ìtọ́jú nìkan ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ yìí, àfi kó jẹ́ ìbejì. Ó rọra fa aga kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì mú ohùn wálẹ̀ bí ẹni tó ń tan ewúrẹ́ wọlé.

"Jókòó, ọmọ mi. Mi ò ní bá ẹ jà. Mo ti mọ̀."

Ikhlas jókòó wọ̀ọ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ojú mi ni. Ó ti tó ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta, mà. Ẹ má bínú. Ó wù mí kí n sọ, àmọ́ ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Oṣù mẹ́ta. Ta ló tún mọ̀ sí i?"

"Kóòṣì mọ̀. Walter náà mọ̀. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń ṣe é."

"Walter. Gìrìpá tó máa ń fi ọ̀kadà gbé ẹ wálé yẹn. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Òun ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣe é, mà, àyàfi ọjọ́ Jímọ̀."

"Ẹ kúuṣẹ́. Ẹ ṣì rántí Jímọ̀."

"Kóòṣì á dúró tì wá, á máa fọn fèrè."

"Fèrè?"

"Tí mo bá ti tẹ Walter mọ́lẹ̀, á fọn ọ́n, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́."

Alájà fi ìbòrí nu ojú. "Ní ìta gbangba. Ìdílé wa yìí náà! Ìgbà wo ló wá máa bọ́ sí?"

"Ọ̀la."

"Ọ̀LA!" Bàtà kan yọ lẹ́sẹ̀ Alájà, kò tilẹ̀ mọ̀. "Pẹ̀lú ikùn pẹlẹbẹ yìí?"

"Ó gbọ́dọ̀ rí pẹlẹbẹ, mà. Wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀n mí."

"Kí wọ́n tó gbẹ̀bí ẹ?"

"Gbẹ̀bí kẹ̀? Ta ló fẹ́ bímọ?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Adìyẹ kan gba àárín wọn kọjá, kò sí ẹni tó lé e.

"Ìyá Àgbà, kí lẹ rò pé à ń sọ látàárọ̀?"

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwọ ń sọ."

"Ìjàkadì! Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ yan ẹgbẹ́ oníjàkadì Nàìjíríà ní Abẹ́òkúta!"

"Áà." Alájà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo adìyẹ. "Èmi náà, ìjàkadì ni mo ń sọ."

"Ẹ ní gbẹ̀bí!"

"Ó dáa, oyún ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? O ń tutọ́, oúnjẹ ń rùn sí ẹ, o ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Tí kì í bá ṣe oyún, kí wá ni?"

Ikhlas rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ti Alájà, Alihamudulilahi kún inú rẹ̀ bámúbámú, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n bá sọ àpò gàrí. Àmọ́ kò pẹ́ tí inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

"Ìyẹn ni pé ìwọ fúnra ẹ lò ń febi pa ara ẹ! Ẹni tó fẹ́ jà! Ṣé ebi ló ń jà ni, àbí agbára?"

"Kílò mẹ́tàléláàádọ́ta ni ìsọ̀rí tí mo ti ń jà, Ìyá Àgbà. Ẹni tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní bá wa jà. Itọ́ tí mo ń tu, omi ara ni. Òógùn náà, omi ara ni. Gbogbo ẹ̀ ló ń dín mi kù. Ohun tí mo ń fi pa mọ́ fún yín láti oṣù mẹ́ta náà nìyẹn."

"O wá lé?"

"Díẹ̀ ló kù. Bí ìdajì omi inú ọ̀rá kan."

Alájà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ìdajì omi inú ọ̀rá! Lọ́jà tiwa, tí mo bá wọn kóńgò gàrí tán, èyí tí mo bá bù lé e, èènì ni. Ẹni tó ń rà á á ṣàdúrà fún mi."

"Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní èènì lára, ilé ni wọ́n máa ń dá a padà sí."

"Ẹ ò ṣeé bá ṣòwò. Ẹni mélòó ni wọ́n fẹ́ mú?"

"Nínú ìsọ̀rí tèmi, ẹnì kan péré. Èmi tàbí Ayọ̀fẹ́. Òun ló lọ sí Ìdíje Áfíríkà lọ́dún tó kọjá, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ."

"Ayọ̀fẹ́! Èyí tá a jọ wò nínú tẹlifíṣọ̀n? Ọmọ yẹn gbìyànjú. Mo ṣàdúrà fún un."

"Mo gbọ́ ọ, mà. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí."

"Ṣé ìwọ lè dá a?"

"Mo ti dá a rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìjà tiwa yìí, wọ́n gbà kí èèyàn mú ẹsẹ̀. Tí n bá ti rí kókósẹ̀ Ayọ̀fẹ́ gbá mú, ó ti tán nìyẹn. Kóòṣì ní tó bá jẹ́ èmi ni mo lọ, wúrà ni à bá máa sọ."

"Kí ló wá dé tí kì í ṣe ìwọ lo lọ?"

Ikhlas ń fi ìka pa ìdérí ike itọ́ dà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Mo ní kí ló dé?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn wá, wọ́n wọ̀n mí, mo lé. Wọn ò jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan máàtì."

"Kí lo jẹ?"

"Ẹ má bi mí, mà."

"Mo bi ẹ́."

"Ìyá Àgbà, ẹ bá mi dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé kúlà kékeré dání. Ẹ ní kí n jẹ ìkọ́kọrẹ́ inú ẹ̀ tán níṣojú yín kí ọkọ̀ tó gbéra."

Alájà rántí àárọ̀ ọjọ́ náà dáadáa. Òun ló rin iṣu ewùrà yẹn fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, òun ló fi ẹja tútù sí i, òun ló dúró ti ọmọ yìí bí ọlọ́pàá. Inú rẹ̀ sì dùn lọ sílé pé òun ṣe ojúṣe òun.

"O kúkú lè sọ fún mi pé o ò jẹ."

"Inú yín ń dùn, mà. Ẹ ń pọ́n mi lé. Mi ò lè dá a padà sí yín lọ́wọ́."

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, Ikhlas. Ó dùn mí wọra. Mo jókòó sí pálọ̀ mi, mo ń ṣàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ tó wà níbi tó yẹ kí tèmi wà. Kí Ọlọ́run foríjì mí."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀, mà."

"Èmi ò gbàgbé." Ó dìde, ó dé àwo ìkọ́kọrẹ́ náà pa, ó gbé òkúta lé e lórí bí ẹni pé ó lè sá jáde. "Ta ló máa gbé ẹ lọ?"

"Kóòṣì ni. Ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ní tí òṣùwọ̀n ò bá tíì pé kóun tó dé, ẹlòmíì lòun máa gbé."

"Má sọ̀rọ̀ mọ́. Sáré! Ṣé kí n dáná tì ẹ́? Ṣé kí n da kúbùsù bò ẹ́?"

"Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Òógùn ọ̀hún ti gbẹ, mà. Ó ti kọ̀, kò jáde mọ́."

Fóònù Alájà dún lórí àga. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà, kò gbé e. Ó rọra fi ìbòrí bò ó mọ́lẹ̀.

"Ta nìyẹn, Ìyá Àgbà?"

"Kò sẹ́ni kan."

"Ẹ ń bò ó mọ́lẹ̀."

"Ikhlas, ọmọ mi. Àgbàlagbà ni mí. Ohun tí mo bá ṣe, ìfẹ́ ni mo fi ṣe é."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo pe Walter láàárọ̀. Mo ní ṣé ó mọ ohun tó ń ṣe ẹ́. Ó ní òun mọ̀. Mo ní ṣé òun ló fà á. Ó ní òun àti Kóòṣì ni."

"Ìyá Àgbà!"

"Mo ní ṣé ó máa dúró tì ẹ́. Ó ní títí dé òpin."

"Ìdíje ló ń sọ!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo wá pe ìyá ẹ̀."

Ikhlas dìde dúró. "Kí lẹ sọ fún ìyá Walter?"

"Mo sọ ọ́ bí ọmọlúàbí. Mo ní òdòdó kan wà nínú ọgbà wa, ọmọ wọn ò dúró gbàṣẹ kó tó já a."

"Òun ńkọ́? Kí lòun sọ?"

"Ó bẹ́ sí ijó. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun kí Walter fẹ́ ẹ. Ó ní òun ń bọ̀ lónìí, òun pẹ̀lú ọkọ òun àti olórí ẹbí."

"Lónìí?"

"Òun ló ń pè yẹn. Wọ́n ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tipẹ́. Wọ́n lè ti wọ ìgboro."

Òógùn kan bọ́ níwájú orí Ikhlas, òmíràn tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tó ń ṣàn wọnú súwẹ́tà bíi pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi.

"Olórí ẹbí! Báwo ni mo ṣe fẹ́ wojú Walter? Ọkọ̀ kan náà la jọ ń wọ̀ lọ!" Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí kànga po. "Gbogbo kíláàbù á gbọ́! Kóòṣì á gbọ́! Ayọ̀fẹ́ á gbọ́!"

"Màmá ẹ náà ti gbọ́," ni Alájà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ pe màmá mi?"

"Ó ń sunkún. Mo ní kó dákẹ́."

Ikhlas ké, ó yí kànga náà lákọlákọ, adìyẹ fò sórí ògiri. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó bọ́ súwẹ́tà, omi sì ń kán tótó lára rẹ̀. Alájà fúnra rẹ̀ fi aṣọ ìnura nù ún gbẹ, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì mú un gun òṣùwọ̀n. Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú wo nọ́ńbà.

"Ó pé," ni Ikhlas wí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Àgbà, ó pé géérégé! Kò lé!"

"Alihamudulilahi! Kò sí èènì?"

"Kò sí rárá, mà!"

Alájà gbá a mọ́ra, tòun ti òógùn. Bẹ́ẹ̀ ni fèrè kẹ̀kẹ́ Márúwá dún lẹ́nu géètì, ohùn obìnrin kan sì gba òkè: "Ẹ ń lẹ́ o, àna wa! Ìyàwó wa dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà, ẹ lọ bá wọn. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Màá sọ ọ́. Lọ wẹ̀, kó o palẹ̀ mọ́ de Kóòṣì." Alájà wá bàtà rẹ̀ kan tó sọnù rí, ó tún ìbòrí dè, ó sì yíjú padà. "Tẹ́ ẹ bá wá dé Abẹ́òkúta, tí òṣùwọ̀n tọ̀hún ní o ṣì lé díẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní lé, mà."

"Tó bá lé, tètè pè mí. Mi ò tíì pe Lèmọ́mù."