Àlàmú Ayàwòrán Da Omi Síwájú

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Àlàmú ń fẹ́ Àwẹ̀ró, ọkàn rẹ̀ ò sì sí níbòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún ti dá bàbá Àwẹ̀ró dúró. Kò lè gun òkè lọ wo omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ìlú wọn mọ́, ó sì ń dùn ún gan-an. Ló bá pe Àlàmú:

"Àlàmú, wọ́n ní o ń kọ́ṣẹ́ àwòrán. Ya omi náà fún mi. Láyé ọjọ́un, bí mo bá ti dé ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á tutù nini. Bí mo bá wo tìrẹ tí ẹsẹ̀ mi ò tutù, wá ìyàwó lọ síbòmíràn."

Àlàmú sáré tọ olùkọ́ rẹ̀, Màmá Tinúadé, lọ.

"Ẹ gbà mí, mà! Bàbá Àwẹ̀ró ní kí n ya omi orí àpáta fún òun."

"Kò le. Àwọ̀ olómi, èyí tí a ń fomi pò, ni wàá lò. Kó o tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan bébà, da omi síwájú, kí àwọ̀ lè ríbi ṣàn. Ibi tó bá máa funfun, má fọwọ́ kàn án."

Àlàmú délé, ó gbé bébà kọ́ ara ògiri, ó bu omi ife kan, ó dà á sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀ ṣàà! Ó wá kun àwọ̀ sórí bébà gbígbẹ. Omi tó yà dúró gbagidi bí òpó iná.

Ó gbé e lọ fún màmá wò. "Omi rẹ ò tó," ni màmá wí.

Ó padà sílé, ó da abọ́ kan. Òpó iná ṣì ni. Ó da korobá méjì. Pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò wọlé wá wẹ̀, òpó ò mira.

Ibẹ̀ ni bàbá àti Àwẹ̀ró bá a. Bàbá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè sí àwòrán, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá wọ inú omi.

Bàbá dúró. Ó wo òpó iná títí.

"Háà! Àwẹ̀ró! Ẹsẹ̀ mi tutù! Ó tutù nini bíi ti ìjọ́sí!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, mú ìyàwó rẹ."

Àlàmú ò mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi náà, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ rí i báyìí? Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Bí kò bá sì tẹ̀ ẹ́, àna rẹ̀ á bá a tẹ̀ ẹ́.