Ògbufọ̀ Tí Kò Rí Ẹrù Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ má dá àwọn tó bá sọ pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé lóhùn. Wọn ò sí níbẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn ni, lásìkò ọyẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn bàbá àgbà Jọláadé tó ti kú kù sí, ariwo sì ti bò ó. Ìyá àgbà rẹ̀, Àṣàkẹ́, fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí rẹ̀ tó di pátápátá. Jọláadé bá kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tí yóò fọ ariwo náà kúrò, ó sì gba ètò mìíràn sínú rẹ̀ lálejò, ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè é, kó máa túmọ̀ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ògbufọ̀ yìí ní ẹrù tó fi ń ṣiṣẹ́, àkójọ àṣẹ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un, láíbìrì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó ń dá ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà. Ìgbà tó wọ ilé onílé ló ní, "N kò rí láíbìrì."

Jọláadé da ẹrù náà kọ sí fódà kejì. "N kò rí i." Ó dà á kọ sí fódà mẹ́wàá. "N kò rí i." Ó wá láíbìrì mìíràn kún un, ni àwọn méjèèjì bá wọ̀yá ìjà, kọ̀ǹpútà dákú.

"Jọláadé, ṣé bàbá yín ti dé?" Ìyá Àgbà bi í láti orí ẹní.

"Wọ́n ń bọ̀, Màmá." Àánú ìyá náà ń ṣe é gan-an.

Ọyẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, oorun gbé Jọláadé lọ. Lójú àlá, ògbufọ̀ jókòó sí pálọ̀ nínú agbádá funfun, ojú rẹ̀ tóbi rọ̀gbọ̀dọ̀. Ẹrù rẹ̀ kún inú yàrá dé àjà, ọ̀kan tiẹ̀ wà lábẹ́ ìdí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ ò wo inú yàrá?"

"Ọmọ mi, ta ló ní kí n wò ó? Ṣé àlejò a máa ṣílẹ̀kùn yàrá onílé fúnra rẹ̀ ni?"

Ojú ti Jọláadé. Bó ti jí, ó kọ ìlà kan péré sínú ètò náà, tó fi fódà tí ẹrù wà han ògbufọ̀. Ariwo bá lọ, ohùn bàbá jáde gaara:

"Àṣàkẹ́, níbo lo gbé iyọ̀ sí?"

Ìyá Àgbà sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ogójì ọdún la fi jọ gbé," ó wí, "ibi kan náà ni iyọ̀ wà láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Jọláadé, èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n nílé ìdáná. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran."